Fáìlì tó lóun ò kúrò lójú kan: ohun tí ojú mi ti rí

Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà jẹun mọ ìrora yìí: oníbàárà dúró sẹ́yìn àga, ó ń wo aago, a sì ní kí fáìlì rẹ̀ bọ́ sínú fláàṣì, fáìlì kọ̀. A tún un ṣe, ó tún kọ̀. Ní bí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí n'Ìbàdàn, ọgbọ́n méjì péré ló wà lọ́wọ́ mi. Àkọ́kọ́, kí n tẹ "Try Again". Èkejì, kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún un tàn. Ó máa ń gbà nígbà míì, ìyẹn gan-an ló sì ṣe mí ní jàǹbá jù, torí mi ò mọ ìdí tó fi gbà, mi ò sì mọ ìgbà tí mò ń fọwọ́ ara mi ba ẹrù ẹlẹ́rù jẹ́.

Ohun tó yí mi padà ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà kọ síwájú mi tán pátápátá. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún pín sí oríṣiríṣi. Òmíràn ń bá ibi tí fáìlì ń lọ wí, òmíràn ń bá orúkọ fáìlì wí, òmíràn ń bá ẹni tó dì í mú wí, òmíràn sì ń sọ fún wa pé háàdì dísìkì ń kú lọ. Mo ti ṣi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kà rí.

Fídíò ìsìnkú kan ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Àwọn ọmọ olóògbé ní kí n kó o sínú fláàṣì méje, kí kálukú ní tirẹ̀. Fáìlì náà jẹ́ 6.8GB. Fláàṣì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 32GB, kò sí nǹkan kan nínú wọn. Windows kọ ọ́ síwájú mi pé: "The file is too large for the destination file system." Mo rí "too large", mi ò ka ìyókù. Mo sọ fún àkọ́bí wọn pé fláàṣì tí wọ́n rà ti kéré jù.

"Ẹ́ńjíníà," àkọ́bí náà ní, "ṣé méjìlélọ́gbọ̀n ò ju méje lọ ni?"

Mi ò ní èsì. Mo ṣáà ní kí wọ́n lọ fi pààrọ̀ 64GB. Wọ́n fowó lé e, wọ́n gba 64GB bọ̀, fáìlì sì wọlé wẹ́rẹ́. Ni mo bá ń yan bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Irọ́ ni o. Kì í ṣe àyè ló ṣe é.

Fláàṣì àti káàdì mẹ́mórì 32GB wálẹ̀ sábà máa ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú FAT32. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí dísìkì ni FAT32, ó sì ní ojú kékeré kan tó ń kọ ìwọ̀n fáìlì kọ̀ọ̀kan sí. Nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè gba ojú yẹn ni 4,294,967,295, ìyẹn 4GB dín báìtì kan. Bí fáìlì bá fi báìtì kan ṣoṣo jù bẹ́ẹ̀ lọ, fláàṣì ìbáà ṣófo látòkè délẹ̀, kò ní gbà á. Ti 64GB lọ sókè sábà máa ń wá pẹ̀lú exFAT, ìyẹn ò sì ní ìdènà yìí. Owó tí mo kó àwọn èèyàn yẹn sí, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni ì bá dá a dúró: kí n fọ́máàtì fláàṣì tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá sí exFAT.

Ẹ ṣí "This PC", ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orí fláàṣì, ẹ mú "Properties", kí ẹ wo iwájú "File system". Bó bá jẹ́ FAT32 tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀, ẹ tún tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún, ẹ mú "Format", ẹ yan exFAT. Ohun gbogbo tó bá wà nínú rẹ̀ á lọ. Bí ẹrù bá wà níbẹ̀ tí ẹ ò rí ibi kó o sí, ẹ ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ èyí, kí ẹ fi lẹ́tà fláàṣì tiyín rọ́pò E:

convert E: /fs:ntfs

Èyí ń sọ ọ́ di NTFS, ọ̀nà ìtò fáìlì tí Windows fúnra rẹ̀ ń lò. Ẹrù inú rẹ̀ á wà níbẹ̀. Àmọ́ kò sí bí ẹ ṣe máa dá a padà sí FAT32 láìfọ́máàtì, bẹ́ẹ̀ ni Mac á máa ka fláàṣì NTFS ṣùgbọ́n kò ní lè kọ nǹkan kan sí i fúnra rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, méjì nínú àwọn ọmọ náà padà wá: tẹlifíṣọ̀n wọn ò rí nǹkan kan nínú fláàṣì. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti rédíò ọkọ̀ ló jẹ́ pé FAT32 nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Nírú ọ̀ràn yẹn, fídíò la máa gé. Ffmpeg, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí fídíò, ń gé e láìba àwòrán jẹ́, torí "-c copy" ń kó ohun tó bá níbẹ̀ bó ṣe wà:

ffmpeg -i isinku.mp4 -to 01:30:00 -c copy apa1.mp4
ffmpeg -ss 01:30:00 -i isinku.mp4 -c copy apa2.mp4

Ibi tó máa gé e sí lè fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹ̀, nítorí náà ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ má fi 7-Zip, ètò tó ń di fáìlì pọ̀, gé fídíò tí wọ́n fẹ́ wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ègé rẹ̀ á wọ fláàṣì lóòótọ́, àmọ́ kò ní ṣeé wò àfi tí wọ́n bá tún un dà pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Ti orúkọ ló tẹ̀ lé e. Olùkọ́ kan gbé fóldà wá, fóldà nínú fóldà bí igbá tí wọ́n kó sínú igbá. Lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, gbogbo rẹ̀ ń ṣí. Bí mo ṣe ní kí n kó o sórí háàdì dísìkì, Windows ní orúkọ rẹ̀ á gùn jù fún ibi tó ń lọ. Mo bá jókòó, mo ń gé orúkọ fáìlì kúrú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti tún ogóje fáìlì sọ lórúkọ kí n tó mọ̀ pé orúkọ fáìlì kọ́ ni Windows ń kà. Látorí lẹ́tà dísìkì ló ti ń kà á, E:, gbogbo orúkọ fóldà tó wà lójú ọ̀nà, àti àmì \ tó wà láàárín wọn, títí dé ìparí orúkọ fáìlì. Àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 260 lọ, Windows sì ń fi ẹyọ kan nínú rẹ̀ pamọ́ fún òpin, èyí tó ṣẹ́ kù fún wa jẹ́ 259. Ibi tí fáìlì wà tẹ́lẹ̀ kúrú, ibi tí mo ń kó o lọ ló gùn, torí èmi fúnra mi ti dá fóldà mẹ́ta síbẹ̀ tí orúkọ wọn gùn bí oríkì.

Orúkọ fóldà tó wà lókè pátápátá ni kí ẹ gé. Ẹ sọ ọ́ ní "a", kí ẹ kó o, lẹ́yìn náà kí ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà. Bí ẹ ò bá fẹ́ fọwọ́ kan orúkọ rárá, ẹ fún fóldà tó jìn ní lẹ́tà dísìkì tirẹ̀:

subst X: "C:\Users\oluko\Documents\Ise ile iwe"

Ẹ ṣí X:, ẹ kó ẹrù látibẹ̀, kí ẹ wá kọ "subst X: /d" láti yọ ọ́ kúrò. Èyí ń ran fáìlì tí ọ̀nà rẹ̀ gùn níbi tó wà lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ibi tó ń lọ ló gùn, ẹ ṣe é fún ibẹ̀. Robocopy, àṣẹ Windows tó ń kó fáìlì tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, kì í ka gígùn yìí sí.

Àwọn orúkọ kan tún wà tí Windows ò fẹ́ rí. Fáìlì tó wá láti Mac tàbí Linux lè ní : tàbí ? tàbí " nínú orúkọ rẹ̀, ó di dandan kí ẹ yọ wọ́n. Ẹ ò lè pe fáìlì ní "con", "aux", "prn" tàbí "nul", ìbáà jẹ́ con.docx. Èyí tó wá ń múni sínwín jù ni fáìlì tí àlàfo tàbí àmì ìdánudúró wà ní ìparí orúkọ rẹ̀. Ojú ò rí àlàfo, Windows á sì máa sọ pé òun ò rí fáìlì ọ̀hún, nígbà tí ẹ̀yin ń wò ó kòrókòró. Ẹ̀rọ tó dá a sílẹ̀ ni kí ẹ ti tún un sọ lórúkọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ pa á rẹ́ ni, ẹ kọ del, kí ẹ fi \\?\ ṣáájú ọ̀nà rẹ̀ láàárín àmì àyọlò, bí àpẹẹrẹ: del "\\?\E:\Iwe\ise amurele."

Ọ̀rọ̀ àwa tá à ń kọ Yorùbá tún wà lọ́tọ̀. Mo kọ fáìlì .bat kan, ìyẹn fáìlì tí a to àṣẹ sí, tí á máa kó fóldà "ẹ̀kọ́" pamọ́ lálaalẹ́. Ó kọ̀, ó ní òun ò rí irú fóldà bẹ́ẹ̀. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi wá a, mo rò pé fáírọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí mo wo ojú Command Prompt dáadáa, ẹ tí mo kọ ti di ß║╣. Notepad kọ ọ́ pa mọ́ bí UTF-8, ọ̀nà ìkọlẹ́tà tòde òní, Command Prompt sì ń fi tábìlì lẹ́tà àtijọ́ kà á, báìtì mẹ́ta tó para pọ̀ jẹ́ ẹ wá di lẹ́tà mẹ́ta. Ìlà kan ló wò ó sàn, ẹ fi sí orí fáìlì .bat:

chcp 65001

Òmíràn ni pé ọ̀nà tí kíbọ́ọ̀dù fi ń kọ ẹ́ ju ẹyọ kan lọ: ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tí a wá fi àmì ohùn lé lórí, tàbí é tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí. Lójú wa, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú NTFS, orúkọ méjì ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí fóldà "ẹ̀kọ́" méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kọ̀ǹpútà ò sì ní kí ẹ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Kíbọ́ọ̀dù kan náà ni kí ẹ fi tún orúkọ àwọn méjèèjì kọ, ìgbà yẹn ni á tó bi yín pé ṣé kí òun dà wọ́n pọ̀.

Ti fáìlì tí nǹkan míì dì mú, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: "The action can't be completed because the file is open in another program." Bó bá dárúkọ Word, ẹ pa Word. Wàhálà wà níbi tó bá ní "another program" láìdárúkọ. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Alt àti P nínú fóldà náà kí ẹ pa àwòrán ìwòran tó wà lápá ọ̀tún. Òun ni ọ̀daràn nígbà púpọ̀ tó bá jẹ́ PDF tàbí fídíò. Bí kò bá gbà, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R, ẹ kọ resmon, ẹ lọ sí "CPU", ẹ wá "Associated Handles", ẹ kọ díẹ̀ nínú orúkọ fáìlì náà sínú àpótí ìwákiri. Orúkọ ẹni tó dì í mú á jáde.

Ibí ni mo ti ṣe ohun tí mi ò lè gbàgbé. Mo rí WINWORD.EXE nínú àkọsílẹ̀ yẹn, mo tẹ "End Process" láìbéèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ṣí i sílẹ̀ sábẹ́ fèrèsé míì, orí kẹrin iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò sì tíì fi pa mọ́. AutoRecover dá ìdajì padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá bi mí." Kò pariwo. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń tẹ Alt àti Tab kí n wo gbogbo fèrèsé tó ṣí kí n tó pa ohunkóhun. Bó bá sì jẹ́ "System" ló dì í mú, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti ṣí fáìlì náà láti orí kọ̀ǹpútà míì tó bá tiyín so pọ̀. Ẹ wò ó nínú "Computer Management", lábẹ́ "Shared Folders", "Open Files".

Fáìlì míì ò sì sí níbẹ̀ rárá. Bó bá ní àmì ìkùukùu lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, OneDrive ló fi orúkọ rẹ̀ hàn yín, ara rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà tán, OneDrive sùn, ẹ ní kí ó bọ́ sí fláàṣì, ó ní 0x8007016A. Ẹ tan OneDrive, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ fáìlì, ẹ mú "Always keep on this device", kí ẹ dúró dìgbà tí àmì aláwọ̀ ewé bá yọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 1KB. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú nǹkan láti ojú Desktop sínú fláàṣì, á gbé e dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, kò ní ṣí. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀: ìwé olójú-ewé ọgọ́rùn-ún kì í ṣe 1KB tàbí 2KB. Ọfà kékeré tó wà lára àmì rẹ̀ fi hàn pé shortcut ni, àmì ọ̀nà lásán. Ilé tó júwe wà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti wá, ẹ mú "Open file location", ibẹ̀ ni ojúlówó wà. Bó bá wá jẹ́ pé gbogbo fóldà inú fláàṣì ló di shortcut lẹ́ẹ̀kan náà, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti ilé títẹ̀wé kan bọ́ sí òmíràn ni, ó sì kàn fi ẹrù yín pa mọ́ ni. Ẹ má tẹ ọ̀kankan nínú àwọn shortcut náà. Lórí kọ̀ǹpútà tí antivirus rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Ẹrù yín á jáde síta. Ẹ kó o síbòmíràn, kí ẹ wá fọ́máàtì fláàṣì náà.

"Access denied" ò pẹ́ sọ. Háàdì tí a yọ nínú láptọ́ọ̀pù tó kú ṣì mọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Takeown ń sọ yín di onílé, icacls ń fún yín ní kọ́kọ́rọ́:

takeown /f "E:\Users\oluko" /r /d y
icacls "E:\Users\oluko" /grant %username%:F /t

Ẹ má ṣe é sórí fóldà Windows tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo tún Windows gbé sórí ẹ̀rọ ọ̀hún lọ́jọ́ kejì. Tí ẹ bá sì ti di onílé tán tó ṣì ń sọ "Access denied", tí àmì àgádágodo sì wà lára fáìlì, wọ́n ti fi EFS tì í. Àfi ìwé ẹ̀rí tó wà nínú àkáǹtì ẹni tó tì í. Bó bá jẹ́ BitLocker, tó ń ti odidi dísìkì pa, kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta (48) ni yóò béèrè, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò sì mọ̀ pé ó wà nínú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi tan láptọ́ọ̀pù náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo ti ń fò lọ kí n lè dé ibi tó dùn mí jù.

Ayàwòrán kan gbé háàdì dísìkì alágbèéká wá. Fáìlì kan ń dé ibì kan náà nígbà gbogbo, á dúró, eré rẹ̀ á wálẹ̀ di òdo, lẹ́yìn náà: "Data error (cyclic redundancy check)." Mo tẹ "Try Again" tó ogún ìgbà. Nígbà tí kò gbà, mo kọ "chkdsk E: /r", mo sì sùn lé e. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kọ̀ǹpútà ò rí dísìkì náà mọ́, ó kàn ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá náà, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n bi mí bóyá mo kọ́kọ́ kó àwọn fáìlì tó dára jáde. Mi ò kó o. Ó ju ọgọ́rùn-ún fáìlì tó ń ṣí geere lọ lórí dísìkì yẹn nígbà tí wọ́n gbé e wá.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ nìyí. Dísìkì ń kó ẹrù sínú yàrá kéékèèké, báìtì 512 tàbí 4,096 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ nọ́ńbà àyẹ̀wò tì í. Bó bá kà á tí nọ́ńbà náà ò bára mu, á tún un kà, á tún un kà, títí á fi sọ pé ó ti sú òun. Gbogbo "Try Again" tí a tẹ̀ ń lé orí tó ń ka dísìkì padà sí ojú egbò kan náà. Chkdsk /r ní tirẹ̀ ń ka gbogbo ojú dísìkì látòkè délẹ̀. Ó dára fún dísìkì tó lera tí iná kú mọ́ lórí. Fún èyí tó ń kú lọ, ìrìn àjò tó máa pa á ni.

Kí ẹ tó dá dísìkì lẹ́jọ́, ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ lára ohun tó ń pín ojú USB, kí ẹ ki í tààrà sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ojú USB 2.0 ń fúnni ní 500 mA, ti 3.0 ń fúnni ní 900 mA. Wáyà gígùn tó ti gbó ń jẹ nínú rẹ̀, dísìkì á wá máa sùn máa jí. Mo ti rí "dísìkì tó bàjẹ́" mélòó kan tó jẹ́ wáyà lásán.

Lẹ́yìn náà, CrystalDiskInfo, ètò tó ń fi ìlera dísìkì hàn. Ìlà mẹ́ta ni mò ń wò: 05, C5 àti C6. 05 ni yàrá tí dísìkì ti tì pa tó sì ti fi òmíràn rọ́pò, C5 ni èyí tó ń ṣiyèméjì lé lórí, C6 ni èyí tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Òdo ló yẹ kó wà níwájú wọn. Nọ́ńbà ibẹ̀ kì í ṣe onídìí mẹ́wàá bí a ṣe ń kà á, 70 níbẹ̀ jẹ́ 112 tiwa, àfi tí ẹ bá yí i padà nínú "Raw Values". Bó bá jẹ́ C7 nìkan ló ń gorí, ẹ padà sórí wáyà.

Bí C5 bá ti ju òdo lọ, ẹ jáwọ́ nínú fáìlì tó kọ̀ yẹn. Àwọn tó dára ni kí ẹ kọ́kọ́ kó:

robocopy E:\ D:\Igbala /E /R:1 /W:1 /XJ /LOG:D:\akosile.txt

/R:1 àti /W:1 ni ẹ̀mí àṣẹ yẹn. Bí ẹ ò bá kọ wọ́n, robocopy á gbìyànjú fáìlì kan ní ìgbà mílíọ̀nù kan, á máa sinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láàárín. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ kan: ó ju 347 ọjọ́ lọ, lórí fáìlì ẹyọ kan. Bó bá tán tí ẹ ò rí fóldà Igbala, ẹ má bẹ̀rù, ó kó ìwà ìfarapamọ́ E:\ dání ni. "Attrib -h -s D:\Igbala" á mú un jáde. Orúkọ gbogbo fáìlì tó kọ̀ á wà nínú akosile.txt. Ẹ̀dà ni kí ẹ ṣe o, ẹ má lo "Cut" láti dísìkì kan sí òmíràn. Lórí dísìkì kan náà, Cut kàn ń yí àdírẹ́sì padà ni, ìdí nìyẹn tí 50GB fi ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àárín dísìkì méjì, ó ń ṣe ẹ̀dà, ó sì ń pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Tọkọtaya kan ló jẹ́ kí n mọ ìyókù. Fídíò ìgbéyàwó wọn, ẹ̀dà kan ṣoṣo, wà lórí háàdì 500GB, C5 wà ní 70. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò tẹ "Try Again" rárá. Mo fi fláàṣì Ubuntu tan kọ̀ǹpútà, mo gba ddrescue, ètò tó ń kó ẹ̀dà dísìkì tó ń kú lọ, sórí rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń pè é níbẹ̀ ni gddrescue. Mo fi lsblk wo èwo ni dísìkì aláìsàn, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹni tó bá ṣi lẹ́tà kọ máa kó ẹ̀dà dísìkì tó lera dípò ti aláìsàn. Lẹ́yìn náà:

sudo ddrescue -d -n /dev/sdb disiki.img disiki.map
sudo ddrescue -d -r3 /dev/sdb disiki.img disiki.map

Àkọ́kọ́ ń kó gbogbo ohun tó rọrùn, ó ń fo ojú egbò. Èkejì ń padà sí ojú egbò náà, ìgbà mẹ́ta péré. Inú fóldà tó wà lórí dísìkì kejì ni mo ti kọ ọ́, dísìkì náà sì gbọ́dọ̀ ní àyè tó ju 500GB lọ. Èmi tí mo ti fojú winá FAT32 ló tún fẹ́ gbé fáìlì 500GB sórí dísìkì FAT32. Ó dé 4GB, ó dúró. Mo fọ́máàtì rẹ̀ sí ext4, ọ̀nà ìtò fáìlì ti Linux, mo bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Ní wákàtí kẹta, Nẹ́pà mú iná lọ. Àyà mi já. Àmọ́ iṣẹ́ disiki.map nìyẹn, ibẹ̀ ló ń kọ ibi tó dé sí. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tún kọ ìlà kan náà, ó sì tẹ̀ síwájú láti ibi tó dá dúró. Nígbà tó parí, mo ṣí ẹ̀dà náà ní ìkàlásán:

sudo losetup -Pfr --show disiki.img
sudo mount -o ro /dev/loop0p1 /mnt

Nọ́ńbà loop tó bá kọ jáde ni kí ẹ lò, ó lè má jẹ́ 0. Fídíò wà níbẹ̀. VLC ṣí i.

Ní ìṣẹ́jú kọkànlélógójì, àwòrán dúró bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, àwọ̀ ewé bo ojú ìyàwó, orin sì ń bá a lọ lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Ọkọ bi mí bóyá mo lè tún ibẹ̀ ṣe, mo ní mi ò lè ṣe é. Mo kó fídíò náà sí dísìkì méjì fún wọn, mo fi "certutil -hashfile" ṣírò SHA256, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ fáìlì, ti ẹ̀dà méjèèjì lójú wọn kí wọ́n lè rí i pé wọ́n bára mu, mo sì lẹ bébà mọ́ ara háàdì àtijọ́ náà kí n tó dá a padà: "C5: 112. Ẹ má kọ nǹkan kan sí i mọ́."